Àpò ìrìnàjò ọkùnrin: ìwọ̀n rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi létí, pàápàá àwọn tí ń ti Kabba lọ wọ bàálù ní Abuja. Àpò awọ dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo rẹ̀ lè wọn kílò 2, bẹ́ẹ̀ sì ni kílò 7 péré ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà fún ẹrù ọwọ́. Àpò kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tó nípọn, tí wọ́n fi awọ rán etí rẹ̀ ni mo fara mọ́: ó fúyẹ́, ó sì bá agbádá àti kóòtù mu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ àpò wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ já. Bí wọn kò bá rán ibẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Òǹkàwé yín, Kabba.