Ẹ Wo Ọwọ́ Wọn Kí Ẹ Tó Wo Ojú Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni: àwòrán tó ń wà níwájú magasíìnì, èyí tó ń wà lára pósítà àti pátákó ìpolówó, àti èyí tó ń wọ orí fóònù yín láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kò sí ẹni tó pè yín jókòó pé ẹ wá kọ́ bí ọkùnrin ṣe ń dúró àti bí obìnrin ṣe ń gbé orí. Síbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwòrán ló kọ́ púpọ̀ nínú yín, ó sì ti ń kọ́ yín kí ẹ tó mọ̀wé kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kò sí nǹkan tó ṣèèṣì bọ́ sínú àwòrán ìpolówó. Ẹnì kan ló yan aṣọ. Ẹnì kan ló ní kí orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnì kan ló pinnu ibi tí wọ́n á ti gé fọ́tò náà, ẹlòmíràn sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń dín ìbàdí kù, ó ń nu ìlà ojú kúrò. Wọ́n lè ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò kí wọ́n tó mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ìpinnu àwọn kan nípa bí obìnrin tàbí ọkùnrin ṣe yẹ kó rí ni ẹ ń wò, owó sì wà nídìí ìpinnu náà.

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erving Goffman, tó ń ṣe ìwádìí lórí ìhùwàsí ẹ̀dá láwùjọ, kó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún àwòrán ìpolówó jọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń wo ara àwọn ènìyàn inú wọn bó ti ń ṣe. Ohun tó rí nípa ọwọ́ kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ọkùnrin inú ìpolówó a máa di nǹkan mú gírí: irinṣẹ́ ni o, ọwọ́ ọkọ̀ ni o, ìwé ni o, ó fẹ́ lò ó ni. Obìnrin inú ìpolówó a kàn máa fi ìka pa nǹkan lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń fi ìka pa ìgò lọ́fínńdà lára, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó gbé ìka lé ètè. Ọwọ́ náà kò ṣe iṣẹ́ kankan. Bí ẹ bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

Ó tún wo gíga. Ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń gbé ga. Bí ẹ bá rí àwòrán tí obìnrin ti ga ju ọkùnrin lọ, ẹ wò ó dáadáa, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọkùnrin náà jẹ́ ẹni tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ìránṣẹ́ tàbí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Ó wo ẹni tó ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí ilẹ̀: obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ó wo eékún tó tẹ̀, orí tó ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rín tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ara yín dán èyí wò, torí ara mọ ohun tí ojú kò tètè rí. Ẹ mú magasíìnì ìgbàlódé èyíkéyìí, kí ẹ dúró gẹ́lẹ́ bí obìnrin iwájú rẹ̀ ti dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ìkejì, ẹ yọ ìbàdí, ẹ tẹ orí. Kí ẹnì kan wá fi ìka kan tì yín. Ẹ ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ kò lè sáré, kò lè gbé ẹrù, kò lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ wá ní kí ọkùnrin kan dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kí ẹ bi ara yín léèrè nípa rẹ̀: kí ló dé tí ìdúró tó jẹ́ ẹ̀sín lára ọkùnrin fi jẹ́ ẹwà lára obìnrin?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó mọ èyí ju tiwa lọ. Ní 1983, olùwádìí kan, Dane Archer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn fọ́tò inú ìwé ìròyìn àti magasíìnì láti mọ bí ojú ṣe gba àyè tó nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ti ọkùnrin, orí àti ojú ló gba ibi tó pọ̀. Ti obìnrin, ara ni. Wọ́n rí ohun kan náà nínú ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè mìíràn àti nínú àwòrán tí àwọn ayàwòrán ti fi ọ̀dà kùn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé nígbà tí wọ́n fi fọ́tò ẹnì kan náà han àwọn ènìyàn, èyí tí ojú ti tóbi ni wọ́n pè ní olóye jù. Ènìyàn kan náà o! Ibi tí wọ́n ti gé fọ́tò nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gé obìnrin kan láti ọrùn dé itan, tí orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ mọ ohun tí wọ́n yọ kúrò.

Àwọn kan á ní ìpolówó kàn ń fi ohun tó wà láwùjọ hàn ni, pé bí obìnrin àti ọkùnrin ti rí náà nìyẹn. Èmi kò gbà, ìtàn sìgá kan sì ni ẹ̀rí mi.

Ní 1924, ilé iṣẹ́ Philip Morris gbé sìgá Marlboro jáde ní Amẹ́ríkà, obìnrin ni wọ́n sì fẹ́ tà á fún. Wọ́n polówó rẹ̀ pé ó rọ̀ bí ojú ọjọ́ oṣù Karùn-ún. Wọ́n tiẹ̀ kun ẹnu rẹ̀ ní pupa kí àmì ìtọ́tè má baà hàn lára rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, tí ìròyìn jẹjẹrẹ ti ń ba àwọn amusìgá lẹ́rù, tí wọ́n fẹ́ sìgá tó ní àsẹ́ lẹ́nu, àwọn ọkùnrin ní ti obìnrin ni sìgá alásẹ́. Philip Morris gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ìpolówó Leo Burnett ní Chicago. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wá ọkùnrin darandaran, wọ́n fi ojú rẹ̀ tí oòrùn ti pa kún gbogbo àwòrán, wọ́n gbé e gun ẹṣin. Láàárín ìgbà díẹ̀, sìgá obìnrin di sìgá ọkùnrin. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Tábà ṣì ni tábà.

Ó tún ku. Ní 1968, Philip Morris yìí kan náà, pẹ̀lú Leo Burnett yìí kan náà, gbé sìgá Virginia Slims jáde fún obìnrin. Wọ́n á ya obìnrin ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fìyà jẹ torí pé ó yọ́ fa sìgá, wọ́n á wá fi obìnrin òde òní sí i, aṣọ rẹ̀ gún régé, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ti rin ọ̀nà jíjìn. Ìjà ẹ̀tọ́ tí àwọn obìnrin ń jà lójú pópó nígbà náà ni wọ́n gbé sórí páálí sìgá. Ọwọ́ kan náà ló ta akin fún ọkùnrin, tó sì ta òmìnira fún obìnrin. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa òṣèré David McLean, tó kópa nínú ìpolówó Marlboro ní àwọn ọdún 1960. Ó kú ní 1995.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arábìnrin yín ni mò ń sọ. Ẹ fetí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, magasíìnì London Opinion ní Britain gbé àwòrán Lord Kitchener, mínísítà ogun wọn, síwájú láti pe àwọn ọkùnrin wọṣẹ́ ogun, iṣẹ́ ọwọ́ Alfred Leete: irun ètè ńlá, ojú tó le, ìka tó nà tààrà sí ẹni tó ń wò ó. Ní 1915, pósítà mìíràn tẹ̀lé e ní Britain. Bàbá kan jókòó sórí àga, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọkùnrin ń fi bèbí sójà ṣeré nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ ṣe nígbà Ogun Ńlá?” Bàbá náà kò lè wo ojú ọmọ. Ìta ló ń wò. Ní 1917, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Howard Chandler Christy, wọ aṣọ ológun ojú omi fún ọmọge kan nínú pósítà, ó ní kí ó máa sọ pé ì bá wu òun kí òun jẹ́ ọkùnrin kí òun lè wọṣẹ́ ogun. Ìtìjú ni wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá lọ kì í ṣe ọkùnrin, àwọn ọmọ yẹn sì lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wálé. Nígbà tí ẹ bá rí ìpolówó òde òní tí ọkùnrin rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, kì í bẹ̀rù, kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ẹ rántí pósítà wọ̀nyẹn.

Ẹ ó ti rí pósítà obìnrin tó de gèlè pupa alámì róbótó, tó ká apá aṣọ sókè, tó di ìkúùkù. J. Howard Miller ló yà á ní 1943 fún ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè túbọ̀ ṣiṣẹ́. Kò bá ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin tan nígbà náà. Àwọn ọdún 1980 ni àwọn obìnrin gbà á lọ́wọ́ ìtàn, tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Inú mi dùn sí i. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ó dì.

Ti àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Kó tó di pé kọ̀ǹpútà gbòde, ní 1989, magasíìnì TV Guide ní Amẹ́ríkà fi orí Oprah Winfrey sórí ara òṣèré Ann-Margret níwájú ìwé wọn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ní 2003, òṣèré Kate Winslet sọ ní gbangba pé ara òun kò rí bí magasíìnì GQ ti ṣe é, pé kò sì wu òun kó rí bẹ́ẹ̀. Faransé ti pa á láṣẹ láti 2017 pé bí wọ́n bá dín ara ẹni tó wà nínú fọ́tò ìpolówó kù tàbí tí wọ́n mú un sanra, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 37,500 yúrò. Norway náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 2022. Òfin tó dára ni, àmọ́ kò dé ibi tí mò ń sọ. Ó lè sọ fún yín pé wọ́n dín ìbàdí kù, kò lè sọ fún yín pé ọwọ́ obìnrin náà kò ní iṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ti Britain ní oṣù Kẹfà 2019, tó fòfin de ìpolówó tó ń fi ìwà ọkùnrin àti obìnrin hàn lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára. Àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró ni ti wàràkàṣì Philadelphia, níbi tí àwọn bàbá kò ti lè tọ́jú ọmọ ìkókó, àti ti ọkọ̀ Volkswagen, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń léfòó nínú ọkọ̀ òfuurufú tí obìnrin sì jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n gbèjà bàbá náà.

Ọmọ mi obìnrin, bí o bá fẹ́ ya fọ́tò ara rẹ, yà á. Ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ, mi ò ní bá ẹwà jà láé. Àmọ́ kí o tó tẹ orí, bi ara rẹ pé ta ló kọ́ ọ. Ọmọ mi ọkùnrin, rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò rẹ, gbé ọmọ àbúrò rẹ dání, jẹ́ kí wọ́n rí ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò àti iṣẹ́ ìpolówó, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé, ẹ fi ọkùnrin rọ́pò obìnrin lọ́kàn yín, kí ẹ sì fi obìnrin rọ́pò ọkùnrin. Bí ó bá di ẹ̀sín, ẹ tún un yà. Ẹ fi àwòrán tí ẹ ti tún ṣe han ẹni tó ni ara kó tó jáde. Ọ̀gá yín lè kọ́kọ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má bá a jà. Ẹ ya méjì wá fún un, ọ̀kan bó ṣe fẹ́, ọ̀kan tí obìnrin náà ti di irinṣẹ́ mú tó sì ń lò ó, kí ẹ tẹ́ méjèèjì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ yàn.

Èmi ni, àgbà tó fẹ́ràn yín.