Ẹ̀sùn lórí balùwẹ̀ tí oníṣẹ́ yín ṣe: omi ń jò wọ ògiri yàrá

Sí Alákòóso Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ balùwẹ̀ tí oníṣẹ́ táìlì tí ẹ rán sí wa parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bá wá. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sọ̀yà fún un, ọwọ́ yín la sì san owó sí. Ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀sùn yìí gbọ́dọ̀ wá.

Ọ̀dà ògiri yàrá tó fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ náà ti wú, ó sì ń bó láti ilẹ̀ dé nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà sókè. Bí ènìyàn bá wẹ̀ tán, omi kì í ṣàn lọ sójú ihò rẹ̀, igun ògiri ló ń dúró sí. A gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, lé ilẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, apá kan tilẹ̀ dà sẹ́yìn sí ògiri. Ó yẹ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ fi nǹkan bí 2 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ síbi ihò. Nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ sìmẹ́ńtì abẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Táìlì kò lè tún un ṣe mọ́.

A fi owó ẹyọ lu táìlì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 36, 14 ló ń dún bí igbá òfìfo. A ṣí ọ̀kan: sìmẹ́ńtì bí ìkúùkù márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín. Ibi tó kù mọ́ bí ìgbà tó wà nínú páálí, omi sì dúró sí àlàfo ibẹ̀. Níbi tí omi ń dé, sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ bo ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 ẹ̀yìn táìlì. Irin eléyín ni wọ́n fi ń fa ilà sí sìmẹ́ńtì náà, kí wọ́n tó tẹ táìlì mọ́ ọn dáadáa. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ a tún ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́ wò, kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Abẹ́ táìlì náà kò ní ọ̀dà adènà-omi kankan, bẹ́ẹ̀ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò kùn ún. Ó yẹ kí àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó gùn ún, kí wọ́n fi téèpù rẹ̀ di ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri àti ìdí páìpù, kí wọ́n wá dí ihò, kí wọ́n da omi sílẹ̀ fún wákàtí 24 láti wò bóyá yóò jò. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe. Sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìlì kì í dá omi dúró.

Ẹni tó gbé ìpè wa lọ́dọ̀ yín ní kí a fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí ojú àlàfo. Ìyẹn kò ní tán an. Omi tó ti wà lábẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbẹ, ògiri ni yóò máa gbà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí nìkan ni aṣojú yín wá, ó ya fọ́tò, ó ní kí a fọwọ́ sí i. Nígbà yẹn, gbogbo ohun tó yẹ kó wò ti wà lábẹ́ táìlì.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi oníṣẹ́ mìíràn tún un ṣe láìgba owó kún un. Kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rí balùwẹ̀ méjì tó ti ṣe tó ti lé lọ́dún kan, torí jíjò kì í tètè hàn. Kí aṣojú yín wá wo dídà ilẹ̀, kó wo ọ̀dà, kó sì wo omi wákàtí 24 náà, kí ẹnikẹ́ni tó bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ògiri yàrá gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí ẹ tó tún un kùn.

Owó tó kù lọ́wọ́ wa yóò dúró títí a ó fi lo balùwẹ̀ náà fún ọjọ́ 30 láìjò. Fọ́tò táìlì tí a ṣí àti ti ògiri wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ń retí ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni,
Oníbàárà yín