Àjàní, ara rẹ kò tíì gba ìwé ìfẹ̀yìntì

Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Táyọ̀ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, orúnkún yìí nìkan ló ń dà mí láàmú.

Má bínú sí ìyàwó rẹ. Èmi ni mo fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀ kó tó jẹ́wọ́. Ó ní o máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà ní ìdájí, pé tí Táyọ̀ bá pẹ́ dìde, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohùn rẹ. Ó ní o máa ń dìde lóru lọ wo géètì, wàá wọlé, wàá tún jáde. Ó ní o dé ibi ìkómọ ọmọ àbúrò rẹ, o ò wọlé, inú mọ́tò lo jókòó sí títí tí wọ́n fi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá bá ọ níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí ti jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn, lẹ́yìn náà ni mo káwọ́ lérí.

Ìwọ ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà, ara rẹ ni kò tíì gbà á. Ó ṣì wà lójú ogun ní Borno, ó ń ṣọ́nà. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé.

Mo fẹ́ sọ́jà kí n tó bí sọ́jà. O ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó bàbá rẹ lọ sójú ogun ní Monrovia, ní Liberia, pẹ̀lú ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1990. Nígbà tó dé, a kúrò ní bárékè, a wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. O mọ ìlú wa, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, odó ló máa ń dáhùn kiri. Bí odó ilé kejì bá ti dún gbì, bàbá rẹ á ti dojú bolẹ̀. Gbì kejì, á máa kà á sẹ́nu. A sọ fún un títí pé iyán ni wọ́n ń gún. Òun náà mọ̀ pé iyán ni, ara rẹ̀ ni kò mọ̀. Èmi àti ìyàwó ilé kejì wá ṣe àdéhùn pé kó tó sọ ọmọ odó sínú odó, kó kọ́kọ́ kígbe láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá Délé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Bàbá rẹ á dáhùn, odó á sì bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ fún un.

Torí náà, má jẹ́ kí ariwo máa bá ọ lójijì. Tí Oṣù Kejìlá bá dé tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin báńgà, sọ fún wọn tààrà pé o ò fẹ́ ẹ lẹ́bàá fèrèsé rẹ. Ní 15 Oṣù Kínní, tí wọ́n ń yìnbọn ẹ̀yẹ fún àwọn tó kú sójú ogun, kò pọn dandan kí o lọ. Tí o bá sì máa lọ, mú ẹgbẹ́ rẹ kan dání, kí ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń rí ọwọ́ àwọn tó ń yìnbọn.

Ìtọ́jú wà fún un. Èmi ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò ní tàn ọ́. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó kọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn, tí wọ́n pè é ní PTSD, ìpayà tí ogun máa ń fi sí ara ènìyàn, lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà tó ti Vietnam bọ̀ ti jìyà rẹ̀ pẹ́. Oníṣègùn á jẹ́ kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní máa ká ọ lára bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sì lè fún ọ lóògùn. Tí ojú bá ń tì ọ́ láti lọ sí ọsibítù àwọn sọ́jà, ọsibítù UCH wà ní Ìbàdàn tí o ń gbé, Aro, ọsibítù àrùn ọpọlọ, náà wà l'Abẹ́òkúta. Má sọ fún mi pé àwọn tó ń rìn níhòòhò ló ń lọ Aro. Láti 1954 ni Dókítà Lámbò tó ń darí Aro nígbà náà ti ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nílé àwọn ará abúlé tó yí i ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ.

Ọtí tí o ń mu kí o lè sùn, òun náà ló ń jí ọ lóru. Wòlíì tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí o pa ló ń bá ọ jà, kó gbàdúrà fún ọ, màá ṣe àmín, kó má kàn tún di ẹrù ru ọ́.

Mo tún rò pé ohun kan wà tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní bárékè, fèrè ló ń sọ ohun tó kàn fún ọ, àwọn ọmọ kékeré ń dìde tí wọ́n bá gbọ́ "Sájẹ́ǹtì". Ní báǹkì báyìí, ọmọdébìnrin kan á ní, "Bàbá, ẹ lọ tò sẹ́yìn." Àwa tí ẹ ń pè ní bloody civilian, àárín wa náà lo padà sí. Ó máa ń dunni. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sọ́jà tó ń fẹ̀yìntì níṣẹ́ l'Óṣòdì, tí wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ adìyẹ fún oṣù mẹ́fà, 1944 ló ti wà, nítorí àwọn ọmọ wa tó ja ogun Hítílà. Kì í ṣe orí rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mú iṣẹ́ adìyẹ yẹn gidi. Adìyẹ ò mọ sájẹ́ǹtì, ebi ló mọ̀. Yóò máa jí ọ ní àkókò kan náà, ìyẹn sì ni ara rẹ ń wá.

Ìyàwó rẹ ló ń darí ilé ní gbogbo ìgbà tí o fi wà ní Màídúgùrì. Má dé kí o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí o bá òun ṣe. Táyọ̀ kì í ṣe rìkúrúùtì. Ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó bá wá yá a, sọ pé ìyá rẹ ló ní o ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ tó kú ní Borno ṣì wà ní Ọ̀fà, ó máa ń béèrè rẹ. Kò fẹ́ kí o wá ròyìn ikú. Ohun tó máa ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín nínú igbó yẹn ló fẹ́ gbọ́. Lọ kí i.

Ìbọn ọdẹ bàbá rẹ tí o ní kí n fi ránṣẹ́, mi ò fi ránṣẹ́ o. Tí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé kí o má sí mọ́, má dúró de ilẹ̀ mọ́. Jí ìyàwó rẹ, kí o sì pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́.

Mo ti bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, Ọjọ́rú ni ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lọ UCH. Ẹ tètè débẹ̀, èrò máa ń pọ̀. Kó mú oúnjẹ dání, torí mo mọ̀ ọ́, ebi kì í jẹ́ kí o ní sùúrù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ