Wọ́n so wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tí yóò tú wọn

Sí Olóòtú,

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í so ọkùnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin, àti obìnrin mọ́ obìnrin, gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya, ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin méjì tí wọ́n ṣègbéyàwó níbẹ̀ fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rhode Island tí wọ́n ń gbé, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Rhode Island sọ ní ọdún 2007 pé kóòtù ìdílé kò ní agbára láti tú wọn ká. Ta ni yóò wá pín ilé àti gbèsè fún irú wọn?

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015, tó ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ gba irú ìgbéyàwó yìí, mú ìdènà yìí kúrò jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ ó dùn mí pé ẹni tó ti bá ẹnìkejì rẹ̀ gbé fún ogún ọdún lè rí i pé kóòtù ka ọdún díẹ̀ péré sí ìgbéyàwó rẹ̀, nítorí pé òfin kò gbà kí wọ́n ṣègbéyàwó ṣáájú, nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìfẹ̀yìntì.

Èmi ni òǹkàwé yín.