Ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ìṣègùn kan àwa ará Èkìtì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà nídìí iṣẹ́ ìṣègùn ò kan àwa ará Èkìtì. Ó ní àwọn ọmọ wa tó ti jápa lọ sí ìlú òyìnbó ló ni ìjà yẹn, nítorí pé níhìn-ín, dúdú ni dókítà, dúdú ni nọ́ọ̀sì, dúdú ni aláìsàn. Inú mi ò dùn nígbà tí mo kà á tán. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù ni mo dàgbà sí. Ẹ bá mi sọ fún oǹkọ̀wé yẹn pé kò dìgbà tí òyìnbó bá dúró síwájú èèyàn kó tó rẹ́ ẹ jẹ. Ìwé ń ṣe é, ẹ̀rọ ń ṣe é, ìṣirò lásán ń ṣe é, bó ti wù kí ọwọ́ tó ń lò ó dúdú tó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Tísà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Wọ́n lọ yẹ kíndìnrín wò ní ilé àyẹ̀wò kan tí n ò ní dárúkọ. Ìlà méjì ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé èsì wọn: ìkíní sọ pé agbára kíndìnrín jẹ́ 52, ìkejì sọ pé 60. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni o, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi fà á. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 60 yẹn ni "African American". Wọ́n mú ìwé náà wá bá mi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìgbà wo ni mo di ará Amẹ́ríkà?" Wọn ò fi ṣàwàdà. Ìfàkì ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Dókítà ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ gba ìwé náà fi bírò yí 60 po, ó ní kò séwu. Bẹ́ẹ̀, bí iye yẹn bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín la ń pè é, ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà àgbà kan tó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ìlà àkọ́kọ́ ló gbà gbọ́, ó sì yí oògùn wọn padà lójú ẹsẹ̀. N ò bínú sí dókítà ọ̀dọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé ló ṣe.

Níbo ni 60 ti wá? Ní 1999, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ agbára kíndìnrín látinú creatinine, ìdọ̀tí tí ẹran ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín sì ń sẹ́ dànù. Wọ́n ní bí aláìsàn bá jẹ́ dúdú, kí wọ́n fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé iye tí wọ́n bá rí. Wọ́n tún un ṣe ní 2009, ó di ìlọ́po 1.159. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé, lójú tiwọn, ẹran ara àwa dúdú pọ̀ ju ti funfun lọ. Ta ló wọn ẹran ara ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Àwọ̀ wọn nìkan ni wọ́n wò. Láti 2008 ni àwọn oníwádìí ní South Africa ti dán an wò lára àwọn dúdú ibẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìṣirò náà sún mọ́ òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí wọ́n bá yọ àfikún yẹn kúrò.

Ẹ wo ohun tí ojú àwọn dúdú rí ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, agbára kíndìnrín gbọ́dọ̀ já wá sí 20 tàbí kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọjọ́ aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà lórí ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun. Bí ti ọkùnrin funfun kan bá jẹ́ 18, ọjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ nígbà náà, kí dúdú gbé ẹ̀jẹ̀ tó rí bákan náà wá, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 1.159, yóò di 20.9, wọ́n á ní kó ṣì máa lọ sílé. Ní 2021, àjọ méjì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kíndìnrín níbẹ̀, National Kidney Foundation àti American Society of Nephrology, ní kí wọ́n yọ àwọ̀ kúrò nínú ìṣirò náà. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ OPTN tó ń bójú tó pípààrọ̀ ẹ̀yà ara níbẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kíndìnrín wá àwọn dúdú tí èyí kàn rí, kí wọ́n dá ọjọ́ wọn padà fún wọn. Àwọn tó ni nǹkan wọn ti jáwọ́ ńbẹ̀. Kí ni tiwa?

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn ò dá wà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé wa sọ pé bí afẹ́fẹ́ ò bá tó ọmọ, ètè rẹ̀ á di búlúù. Ọmọ òyìnbó ló wà nínú àwòrán. Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù, sístà wa, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ le gan-an, di orí mi mú sórí ọmọ kan tó ń mí fúlefúle. Ètè ọmọ náà dúdú bí a ṣe bí i. Ó ní, "Gbé ètè jù sílẹ̀. Ya ẹnu rẹ̀, wo ahọ́n, wo èrìgì." Ahọ́n yẹn ti ràwọ̀, ó rí bí eérú. Ó sáré fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ẹnu ni mo ti gba ẹ̀kọ́ yẹn, kò sí nínú ìwé. Bákan náà ni àìtó ẹ̀jẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ni kí ẹ wò. Bí èéyi bá sú ọmọ wa, ẹ má dúró de pupa tí ìwé ń sọ. Ẹ fi ọwọ́ pa ara rẹ̀, ẹ ó bá a tó rí ságisági.

Ní 2020, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní St George's ní London, Malone Mukwende, òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé tó fi àmì àìsàn hàn lára àwọ̀ dúdú. Mo yọ̀ fún un gan-an. Àmọ́ ó dùn mí pé ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ọmọ ìka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Iná ló ń tàn kọjá nínú awọ, dúdú awọ sì lè ṣì í lọ́nà. Lọ́dún 2020 kan náà, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan kó èsì jọ nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà fún ní 92 sí 96. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí 12 nínú 100 àwọn dúdú ni tiwọn ò tó 88 rárá. Lára àwọn funfun, bíi 4 ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ọmọ bá ń fi ìhà mí tí ẹ̀rọ ń sọ 94, ọmọ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun tó fà á ò ṣòroó mọ̀. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé kò lè bá wọn kọ ìwé. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Medical Staff sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ dókítà dúdú, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni àwọn bíi Obadiah Johnson àti John Randle l'Ékòó ti gboyè. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí Abraham Flexner kọ ní 1910 láti ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà lára ohun tó mú kí márùn-ún nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn dúdú méje kógbá sílé. Howard àti Meharry ló ṣẹ́ kù. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán, GMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà níbẹ̀, pàápàá ṣèlérí ní 2021 pé títí 2026, àwọn fẹ́ fòpin sí bí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ṣe ń fi ẹjọ́ dókítà tí kì í ṣe funfun sùn ju ti ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ.

Mo bẹ àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Èkìtì, ní Adó, ní Ìdó, níbi gbogbo: kí wọ́n lọ sí lábù, kí wọ́n yẹ inú kọ̀ǹpútà wò. Bí àfikún fún dúdú bá ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Kí àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa pọ̀ káàkiri ayé, a sì máa ń fi wọ́n yangàn. Kí àwọn tó wà nílé nínú wọn ya àwòrán àìsàn lára àwọn ọmọ wa fún ìkẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àyè lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n sì bo ojú ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé èsì kíndìnrín nílé, ẹ mú un jáde. Bí ẹ bá rí ìlà méjì lórí rẹ̀, ẹ mú un padà lọ bá dókítà yín.

Èmi náà ṣì lágbára. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí n wá fi ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́ wíwò han àwọn ọmọ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ yín. N ò ní gba kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìfàkì-Èkìtì