Ẹ má da sátẹ́láìtì méjèèjì pọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. À ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ẹ̀pẹ́ níbí pé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ló kú ní 2008. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. NigeriaSat-1 ni àkọ́kọ́. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti gbé e sókè ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 2003. NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ tó gbéra láti Ṣáínà ní 2007, ló kú ní oṣù Kọkànlá 2008: pátákó tó ń gba agbára oòrùn fún un kọṣẹ́, bátìrì gbẹ. Ó sì wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, kò sẹ́ni tó lè lọ tún un ṣe.

Àwòrán ilẹ̀ ni NigeriaSat-1 máa ń yà ní tirẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmì tóótóó kan nínú àwòrán rẹ̀ dúró fún mítà 32 níbùú lóròó, nítorí náà kò lè fi ọkọ̀ apẹja kan hàn. Àmọ́ ẹ wo ọ̀sà wa: ìtànṣán kan wà tí ojú èèyàn kò rí, omi máa ń gbé e mì, omi sì máa ń dúdú nínú àwòrán. Ewé tútù máa ń dá a padà, àwọ̀ pupa ni wọ́n sì fi ń yà á. Bí òjúoró bá bo omi lọ rẹrẹ, pupa rẹ̀ á yọ kedere láàárín dúdú. Ó wù wá gan-an kí àwọn ọmọ ilé ìwé rí irú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún ń to Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, ti 1957, Gagarin, ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí òfuurufú, ti 1961 àti Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ òṣùpá, ti 1969, ẹ fi NigeriaSat-1 ti 2003 kún un.

Àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì,
Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó