Àṣàkẹ́, Níbo ni Ẹ̀dà Àkọ́kọ́ Wà?

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo ń pè ẹ́, fóònù á dún títí á fi já, o ò gbé e. Mo kọ̀wé sí ẹ lórí WhatsApp, ó fi hàn mí pé o ti kà á, síbẹ̀ o ò dá mi lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíìrò, kí n lè sọ tẹnu mi tán. Ọmọ Ìyá Ìbejì ń padà sí Èkó lọ́la, òun ni mo fi rán.

Ará ilé ń kí ẹ. Orúnkún bàbá rẹ ń dùn ún, kò sì yé lọ sóko. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Wọ́n mú iná wá lálẹ́ àná, wọ́n tún mú un lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó páànù ilé ìdáná tí o ní wàá fi ránṣẹ́ kò tíì dé, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí owó ni mo ṣe kọ̀wé.

Ọmọ Ìyá Ìbejì yìí náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan, ìwọ náà mọ̀ pé òun ni sítọ́kípà ní sáìtì yín. Kò mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ yé mi. Ó ń yìn ẹ́ ni. Ó ní ọ̀gá yín fẹ́ràn rẹ púpọ̀, pé tó bá di ìpàdé oṣooṣù, tábìlì tí o bá gbé jáde, àwọ̀ ewé ni látòkè délẹ̀, bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ tó pẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀ pé dẹ́kìn àjà kejì tó yẹ kí ẹ ti dà, irin rẹ̀ pàápàá ò tíì délẹ̀. Ó ní tí iṣẹ́ bá ti yẹ̀, ńṣe ni Àǹtí Planner, ìwọ tí ò ń to ọjọ́ iṣẹ́, máa ń gbé baseline tuntun lé e, ìyẹn àwọn ọjọ́ tuntun tí ẹ ó máa fi iṣẹ́ wé. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́, níbo ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ prógíráàmù yín wà, ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí? Èyí tí ẹnjiníà olówó iṣẹ́ fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, àbí o ti tẹ òmíràn lé e lórí?

Má bínú pé mo ń dá sí iṣẹ́ rẹ. Ìwọ lo kàwé rẹ̀ ní LAUTECH, èmi akọ̀wé sáìtì lásán ni mo jẹ́. Àmọ́ ìwọ náà lo jókòó tì mí nígbà Kérésì, tí o ṣí Primavera, ètò tí ẹ fi ń to ọjọ́ iṣẹ́, fún mi lórí kọ̀ǹpútà rẹ. O fi ọ̀pá méjì hàn mí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. O ní ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni baseline, pé òun kì í kúrò lójú kan, pé tòkè ni iṣẹ́ bó ṣe ń lọ lóòótọ́. O ní àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n torí ẹ̀ gbà ẹ́ síṣẹ́, kí ìwọ máa rí i kí ẹlòmíràn tó rí i. Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Mo ń wò ẹ́, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ mi ti mọ ohun tí èmi ò mọ̀ lásìkò.

Bàbá rẹ ń mọ ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń sá láfún, mo sì ń wo ọmọṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n na okùn láti igun kan dé èkejì, ògiri wá wọ́ síta kúrò lára okùn. Ọmọ náà kò tú búlọ́ọ̀kù kankan. Ó yọ ìṣó, ó sún okùn tẹ̀ lé ògiri, ó sì kan ìṣó náà síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ògiri gún. Ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé, ó wo okùn, ó wo ògiri, ó ní kó wó gbogbo ohun tó mọ láàárọ̀ yẹn. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe sí okùn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ lé lórí ní ìpàdé, ọmọ mi.

Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi ní SPI, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá iṣẹ́ ń bá ọjọ́ rẹ̀ mu. O ní ẹ máa ń fi iye owó iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí pín iye owó iṣẹ́ tó parí. Tó bá jẹ́ 1, ẹ wà lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 0.8, nínú iṣẹ́ márùn-ún tó yẹ kí ẹ ti ṣe, mẹ́rin lẹ ṣe. Tí ẹ bá wá fi ibi tí ẹ bá ara yín lónìí ṣe baseline, èyí tó yẹ àti èyí tí ẹ ṣe á di ọgbọọgba, 1 á sì yọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé síbí kan sìmẹ́ńtì. Irú 1 yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Bóyá ẹ̀bi kọ́ ni tìrẹ látilẹ̀. Mo mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ dá ọjọ́ tí iṣẹ́ á parí fún olówó iṣẹ́, wọ́n á wá ní kí planner há iṣẹ́ sínú rẹ̀. Prógíráàmù tí wọ́n bá há báyẹn, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i gan-an ló ti pẹ́. Ta ni o bi kí o tó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi di irin? Ṣé o bi àwọn tó ń di irin, àbí o wo ti sáìtì ìṣáájú? Ṣé o yọ ọjọ́ òjò? Òjò Èkó ní oṣù kẹfà kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣeré, kò sì jẹ́ kí ihò ìpìlẹ̀ gbẹ. Iléyá ńkọ́? Lọ́dọọdún, ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti èṣí lọ, nítorí náà kàlẹ́ńdà èṣí kò ṣeé dà kọ. Àwọn lébìrà tó wá láti ọ̀dọ̀ wa níbí náà, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ilé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbin àgbàdo, kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró. Àti àyè tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń pè ní float, o gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tó ní in àti èyí tí kò ní. Èyí tí kò ní in, tó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo ilé fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Tó bá sì jẹ́ pé olówó iṣẹ́ ló fi àjà kún ilé, tàbí pé ó yí àwòrán padà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Baseline lè yí padà, mi ò ní kò gbọdọ̀ yí. Àmọ́ lẹ́tà á wà tó béèrè rẹ̀, ìdí á wà nínú lẹ́tà náà, àwọn méjèèjì tó ni àdéhùn á fọwọ́ sí i, wọn á fún un ní nọ́ńbà àti déètì tirẹ̀, ti àkọ́kọ́ á sì wà níbi tó wà. Àìsí àyè lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwáwí. Microsoft Project pàápàá, tó jẹ́ irú ètò kan náà pẹ̀lú Primavera, lè tọ́jú baseline 11 nínú fáìlì kan ṣoṣo. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi tẹ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bí kò bá fẹ́ kí wọ́n má rí ti àtijọ́?

O ní FIDIC ti ọdún 1999, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé, lẹ ń lò. Nínú ìwé yẹn, ọjọ́ 28 péré ni kọngílá, ìyẹn ẹ̀yin, ní láti kọ̀wé, láti ìgbà tó ti mọ̀ pé nǹkan dá òun dúró, tó bá fẹ́ béèrè àfikún ọjọ́. Wàyí o, ta ni yóò kọ lẹ́tà pé àwòrán pẹ́ dé, nígbà tí tábìlì rẹ ń sọ pé kò sí ohun tó pẹ́? Ọ̀gá tó ń yìn ẹ́ yìí, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gan-an lẹ jọ ń sin. Ọjọ́ tí owó ìtanràn ìdádúró bá dé, á wá ẹni tó ń ṣe tábìlì. O gbọ́n jù báyìí lọ, Àṣàkẹ́. Kí ló ṣe ọ́ gan-an? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni? Ṣé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ẹ?

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún ẹ nígbà tí o wà ní kékeré, ti akọ̀wé obìnrin tó fa ìwé ya, tí wọ́n fi lé fọ́ọ̀mànù kan lẹ́nu iṣẹ́: èmi ni akọ̀wé yẹn. Ọ̀gá pè mí nírọ̀lẹ́, ó ní kí n tún prógíráàmù tẹ̀, kí n yí àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ padà, àmọ́ kí n fi déètì òkè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú fáìlì, mo yọ ọ́. Mo tún yọ ẹ̀dà kábọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ọ̀gá kò tilẹ̀ rántí. Kábọ̀n yẹn ló ń dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó ní kí n fà á ya.

Nígbà tí ìjà dé láàárín kọngílá àti olówó iṣẹ́, fọ́ọ̀mànù ní àwòrán ló pẹ́ dé. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ inú prógíráàmù àkọ́kọ́ nìkan ni ọjọ́ tó yẹ kí àwòrán dé wà, kò sì sí mọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n lé e láìfún un ní kọ́bọ̀. Ó ṣì ń gbé ní Òkè-Àdó. Tí a bá pàdé ní Tákìé, á kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, á béèrè rẹ. Owó oṣù tí mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn ni mo fi san owó ilé ìwé rẹ. Bàbá rẹ ò mọ̀ títí dòní. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí o gba iṣẹ́ planner, ojú ló tì mí.

Nítorí náà, wá ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà. Tí o bá ti tẹ nǹkan lé e lórí kọ̀ǹpútà, lọ wo ímeèlì tí ẹ fi fi í ránṣẹ́ sí ẹnjiníà olówó iṣẹ́, yóò ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, mo ti bá ẹ to ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ kàn tú u sí èdè ọ́fíìsì yín: “Mo fẹ́ kí a máa fi iṣẹ́ wa wé prógíráàmù tí ẹnjiníà olówó iṣẹ́ fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àyípadà tí a ti ṣe láti ìgbà náà wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí, pẹ̀lú ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá nílò baseline tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gba ìfọwọ́sí lórí ìwé, kí ti àkọ́kọ́ sì wà ní fáìlì.” Má fi èébú kankan kún un. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tọ́jú èsì tó bá fún ẹ.

Tí wọ́n bá torí ìyẹn ní kí o máa lọ ilé, máa bọ̀. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, mi ò kó nǹkan kan sí i. Páànù lè dúró.

Mo fi láfún rán ọmọ Ìyá Ìbejì, èyí tó funfun ni, má fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kí ìwọ tó jẹ. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ajé náà tí o bá ti fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Màá gbé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.